Géèmù wo ló dára jù láàárín 2010 sí 2019? Ìdáhùn fún ẹ̀gbọ́n tó ń bá àbúrò rẹ̀ jiyàn

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ń da ilé wa rú. Àwa mẹ́ta la jọ máa ń gbá géèmù: èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà. A ń jiyàn lórí géèmù tó dára jù láàárín ọdún 2010 sí 2019. Èmi ní Dark Souls ni, torí pé òun ló le jù, kì í ṣe géèmù ọ̀lẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní GTA V (Grand Theft Auto V) ni, pé iye tó tà ti parí ẹjọ́. Àbúrò mi ní Fortnite ni, pé gbogbo ayé ló ń gbá a, pé Dark Souls tèmi kò tiẹ̀ gba máàkì gidi lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àbúrò mi ti kó pádì rẹ̀ wọ yàrá, kò bá mi gbá mọ́. Ṣé ọ̀nà wà tí èèyàn fi lè mọ èyí tó dára jù ní tòótọ́, àbí ohun tó bá wu kálukú ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lẹ́jọ́."

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí o ti sọ̀rọ̀ pádì yẹn ló dá mi dúró jù, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbá géèmù, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ àgbéyẹ̀wò nípa wọn; kò sí ọdún kan tí irú àríyànjiyàn yìí kì í bá mi. Nígbà tí ọdún 2019 ń parí lọ, tí oníkálukú ń to géèmù mẹ́wàá mẹ́wàá, èmi náà to tèmi, mo sì fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí. Lónìí, mo lè yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́wàá náà láì wẹ̀yìn. Àwọn géèmù yẹn kò yí padà. Èmi ni mo padà lọ bá wọn, tí mo sì rí ohun tí ojú mi kò tó nígbà náà. Ẹni tó ti ṣìnà níbẹ̀ rí ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rò pé ìbéèrè kan náà lẹ ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè mẹ́ta ni. Ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ èyí tó tà jù. Àbúrò rẹ ń sọ èyí tí èrò pọ̀ níbẹ̀ jù. Ìwọ ń sọ èyí tó le jù. Tí o bá wò ó dáadáa, kò tíì sí ẹni tó ti sọ̀rọ̀ nípa dídára nínú yín. Ìdí nìyẹn tí ariwo náà kò fi lè tán: ẹni mẹ́ta tó gba ojú ọ̀nà mẹ́ta kò lè pàdé, bó ti wù kí wọ́n sáré tó. N ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ìdáhùn tìrẹ bá tèmi mu, àmọ́ ìdí tí o gbé e lé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá fúnra rẹ̀. Àwọn kan á ní 2011 sí 2020 ló yẹ ká kà. Ẹ̀yin ti fẹnu kò sí 2010 sí 2019, ó tó. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ géèmù ìsinsìnyí kò ní ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo. Minecraft ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti 2009 gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Oṣù kọkànlá ọdún 2011 ni wọ́n tó kéde pé ó ti parí. Final Fantasy XIV jáde ní 2010, ó burú débi pé àwọn tó ṣe é tún un ṣe láti ìpìlẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde padà ní oṣù kẹjọ ọdún 2013. No Man's Sky tó bí àwọn èèyàn nínú ní 2016 kọ́ ni No Man's Sky tí wọ́n wá ń yìn ní 2018. Bí o bá ń jiyàn nípa irú wọn, kọ́kọ́ sọ ọdún tí o ní lọ́kàn, kí ẹ má baà máa fi orúkọ kan pe nǹkan méjì.

Ó kan ọ̀rẹ́ rẹ. Òótọ́ ni pé iye tí GTA V tà kì í ṣe kékeré. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 ló jáde. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, owó tó pa ti tó bílíọ̀nù 1 dọ́là, ẹ̀dà tí wọ́n sì ti tà títí di àsìkò yìí ti ju mílíọ̀nù 200 lọ. Àmọ́ wo bí iye yẹn ṣe kóra jọ. Ó kọ́kọ́ wà lórí PlayStation 3 àti Xbox 360, ó bọ́ sórí PlayStation 4 àti Xbox One ní 2014, ó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2015, ó tún dé orí PlayStation 5 ní 2022. Ẹnì kan ṣoṣo lè ti rà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì mọ irú wọn. Apá tí wọ́n ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, GTA Online, ló ń fa èrò wọlé lọ́dọọdún lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé bí ìtàn náà ṣe parí. Iye títà jẹ́ ká mọ̀ pé géèmù kan rí ọjà, pé àwọn tó ṣe é mọ oníbàárà í tọ́jú. Kò lè sọ fún wa bóyá wákàtí kan nínú rẹ̀ dùn ju wákàtí kan nínú òmíràn lọ. Bó bá sì jẹ́ títà ló ń parí ẹjọ́, ẹjọ́ ti parí mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ lórí nìyẹn, torí Minecraft ti kọjá mílíọ̀nù 300. Ká ní èmi ni mo fẹ́ gbèjà GTA V, n kò ní dárúkọ owó rárá. N ó ní kí ẹ wo ìgbà tí èèyàn bá fi Michael sílẹ̀ lọ bá Trevor, méjì nínú àwọn ọkùnrin tí à ń darí nínú rẹ̀: bí àwòrán ṣe máa ń fò lọ sójú ọ̀run, tó ń rìn kọjá lórí ìlú náà, tó wá sọ̀ kalẹ̀ bá ọkùnrin kejì níbi tó ti ń ṣe ohun tirẹ̀, bí ẹni pé ó ti ń gbé ayé rẹ̀ lọ kí a tó dé. Ìyẹn ni ẹjọ́ tó yẹ kó rò. Ẹjọ́ gidi ni.

Máàkì tí àbúrò rẹ mẹ́nu bà ńkọ́? Kò parọ́. Dark Souls, tó jáde ní 2011, gba 89 nínú 100 lórí Metacritic, níbi tí wọ́n ti ń kó máàkì àwọn olùṣàgbéyẹ̀wò jọ, nígbà tí GTA V, Red Dead Redemption 2, Breath of the Wild, Super Mario Galaxy 2 àti Super Mario Odyssey gba 97. Ṣùgbọ́n ní 2021, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ń gbá géèmù dìbò níbi àmì ẹ̀yẹ Golden Joystick láti yan èyí tó ga jù nínú gbogbo géèmù tó ti jáde rí, Dark Souls yìí kan náà ló gbé e. N kò mú ìbò yẹn wá láti fi borí àbúrò rẹ, torí ìbò náà lè ṣìnà bí máàkì ṣe lè ṣìnà. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni ọdún mẹ́wàá tó wà láàárín méjèèjì.

Mo ti wà nínú àwọn tó ń fún géèmù ní máàkì, mo sì lè sọ bó ṣe ń lọ. Géèmù á dé ọwọ́ rẹ bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tó máa jáde. Ó fẹ́ ọgọ́ta wákàtí, ọjọ́ mẹ́fà lo ní. O kò ráyè rìn gbéregbère, o kò ráyè sọnù, o kò ráyè fi í sílẹ̀ lálẹ́ kí o lọ máa rò ó lórí ibùsùn. Nírú ipò bẹ́ẹ̀, géèmù tó dára lójú ẹsẹ̀ ló ń jàǹfààní, èyí tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ewé ló ń pàdánù. Dark Souls sì fẹ́ kí o sọnù. Mo rántí géèmù kan tí mo fún ní máàkì tó ga gan-an lọ́dún náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, n kò rántí orúkọ ẹnì kankan nínú rẹ̀. Mo kọ ohun tí mo rí láàárín ọjọ́ mẹ́fà, òótọ́ sì ni mo kọ, àmọ́ òótọ́ ọjọ́ mẹ́fà ni.

Àmì ẹ̀yẹ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Láti 2014 ni The Game Awards ti ń yan géèmù ọdún, ìdá 90 nínú 100 ìbò sì wà lọ́wọ́ àwọn oníròyìn géèmù. Ní 2016, Overwatch ló gbà á. Géèmù aláyọ̀ tí wọ́n ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n fi Overwatch 2 rọ́pò rẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan bá béèrè lọ́wọ́ mi lónìí kí ló mú kí wọ́n yan Overwatch, ẹnu nìkan ni mo fi lè sọ ọ́ fún un, n kò lè gbé pádì lé e lọ́wọ́ kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí 2016. Kí n tún fi èyí kún un: Disco Elysium jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ó gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin lóṣù méjì lẹ́yìn náà, èmi sì ti to mẹ́wàá tèmi tán kí n tó gbá a. Géèmù tó jẹ́ pé ìrònú inú olórí eré náà, ìbẹ̀rù rẹ̀, ìgbéraga rẹ̀, gbogbo wọn ní ohùn tiwọn, tí wọ́n ń gbà á nímọ̀ràn burúkú! Mo fi í sílẹ̀ torí pé mo ń kánjú. Ó ṣì ń dùn mí.

Kí n wá sọ òótọ́ nípa Fortnite, torí mo fura pé ìwọ ni o kọ́kọ́ fi àbúrò rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Géèmù náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni apá tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn dé, níbi tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ti ń balẹ̀ sí erékùṣù kan títí á fi ku ẹnì kan. PUBG ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú lọ́dún náà. Ohun tí Fortnite fi kún un ni kíkọ́lé láàárín ìjà: ọta ń bọ̀, o gbé ògiri dìde, o gun àtẹ̀gùn tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, o bọ́ sí òkè orí ẹni tó ń lé ọ. Wo ọwọ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, á yà ọ́ lẹ́nu. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù gan-an gbà á nígbà kan, nítorí náà ó di ojúde tí àwọn ọmọdé ti ń pàdé lẹ́yìn ilé ìwé. Bí àbúrò rẹ bá ń sọ pé Fortnite ló dára jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ kan tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín títí ni ó ń sọ. Tí o bá wá bú géèmù náà, ìrọ̀lẹ́ yẹn lo bú. Níbi tí n kò ti bá a gbà ni pé ojúde kì í ṣe iṣẹ́ ọnà kan tó dúró sójú kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ihò dúdú kan gbé gbogbo erékùṣù náà mì lójú àwọn tó ń gbá a, kò sí nǹkan míì lójú tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ kan ó lé, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tuntun dé. Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni, n kò ní gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú Fortnite ni ká gbé sórí òṣùwọ̀n? Ti 2018 ni, àbí ti àná?

Ó kù tìrẹ. O ní Dark Souls ló dára jù torí pé ó le. Bó bá jẹ́ líle ni, Super Meat Boy tó jáde ní 2010 á pa ọ́ nígbà ogún láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Celeste tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 le bí ojú ẹja, síbẹ̀ ó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá láti dín eré rẹ̀ kù tàbí kó má tiẹ̀ lè kú, kò sì sí ohun tí ìyẹn bù kúrò lára rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gun òkè náà ṣì ń gun òkè. Líle kọ́ ló gbé Dark Souls ga. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń lé àwọn èèyàn sá fún un, ìwọ náà sì wà nínú wọn, má bínú.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ibì kan. O bẹ̀rẹ̀ ní Firelink, ibi iná kékeré yẹn, orin rẹ̀ rọra ń dún. O gun òkè wọ ìlú òkú. Àwọn tí wọ́n ń ju iná sọ̀kalẹ̀ pa ọ́. O padà, wọ́n tún pa ọ́. Ẹhànnà ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ lórí ògiri olódi, ó tì ọ́ ṣubú. Dírágónì jó ọ lórí afárá. Gbogbo ohun tí o kó jọ ṣubú síbi tí o kú sí, o ní láti padà lọ mú un, bí o bá sì kú lójú ọ̀nà, ó ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, o dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan, ó dá ọ lójú pé o ti jìnnà réré sílé, pé kò sọ́nà padà. O rí lífìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. O wọ̀ ọ́. Ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ. Ó dúró, o jáde, orin kan ń dún jẹ́jẹ́. Firelink ni. Ilé ni o wà láti àárọ̀, orí rẹ̀ gan-an ni o ti ń jà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo gbé pádì sílẹ̀, mo dìde dúró. Fíìmù kò lè ṣe ìyẹn fún mi, ìwé kò lè ṣe é, torí pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn ín, ọwọ́ ara mi ni mo fi kú. Líle rẹ̀ ni iye tí mo san kí ilé tó lè dùn bẹ́ẹ̀. Hidetaka Miyazaki tó darí iṣẹ́ náà ti sọ pé nígbà tí òun wà ní kékeré, òun máa ń ka ìwé ìtàn tí kò yé òun tán, òun á wá fi ìrònú ara òun dí àwọn àlàfo ibẹ̀. Géèmù rẹ̀ náà ń fi àlàfo sílẹ̀ fún wa bẹ́ẹ̀. Ìdí tó yẹ kí o gbé síwájú wọn nìyẹn.

Ṣé kò lábùkù ni? Ó ní, ó sì pọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 2011, tí o bá dé Blighttown, àwòrán á máa fà bí ìgbín lórí àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà. Lost Izalith tó wà lápá ìparí rí bí ibi tí wọn kò ráyè parí, ìjà Bed of Chaos tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ìyà lásán, kò kọ́ èèyàn ní nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ràn géèmù yìí tọkàntọkàn gbọ́dọ̀ lè sọ ìyẹn jáde. Mo máa ń fura sí ẹni tó ń gbèjà géèmù tí kò lè dárúkọ ibi kan tó ti kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sí nínú lẹ́tà rẹ, bẹ́ẹ̀ òun ló ń darí irú ìjà yìí jù: ọjọ́ orí wa nígbà tí a pàdé géèmù náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Oko àkọ́kọ́ ni géèmù tí a gbá nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Èmi gan-an, Red Dead Redemption 2 ni mo fi ṣe ìkíní nínú mẹ́wàá mi ní 2019. Òjò dídì tó ń gba ẹsẹ̀ ẹṣin mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ láàárín igi, bí àwọn ará àgọ́ ṣe ń kọrin lálẹ́, n kò tíì rí irú ayé bẹ́ẹ̀ rí. Mo padà sí i ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ayé yẹn ṣì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn yọ díẹ̀, géèmù á ní mo ti pàdánù, á dá mi padà. Ó fún mi ní ilẹ̀ tó gbòòrò, ó wá ní kí n máa tẹ̀ lé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. N kò rí okùn yẹn ní 2018 torí pé ẹwà ibẹ̀ gba ojú mi. Mo gbé e kúrò ní ìkíní, ó sì dùn mí bí ìgbà tí èèyàn kó kúrò nílé.

Ìbéèrè tí mo wá fi ń wọn géèmù nísinsìnyí rèé: kí ni géèmù yìí ṣe tó jẹ́ pé géèmù nìkan ló lè ṣe é, ṣé ó sì ṣì ń ṣe é fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pádì lónìí láì mọ ìtàn rẹ̀? Kì í ṣe òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tó wà láyé, àmọ́ òun ló sún mọ́ "ní tòótọ́" tí o béèrè jù, torí ẹnikẹ́ni lè dán an wò. Breath of the Wild tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2017 yege níbẹ̀ gidigidi. Mo ń pọ́n àpáta kan nínú rẹ̀ nígbà kan, mo ti fẹ́ dé òkè, òjò bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Link, ẹni tí mo ń darí nínú eré náà, ń yọ̀, agbára rẹ̀ ń tán. Mo rí ibi tí òkúta yọrí jáde bí àjà, mo rọra fà sí abẹ́ rẹ̀, mo dáná síbẹ̀ torí òjò kò dé ibẹ̀, mo jókòó títí òjò fi dá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Lọ́jọ́ míì, àrá ń sán, mo rántí pé irin máa ń fà á, mo ju idà irin mi sáàárín àwọn ọ̀tá, mo sá. Àrá ló bá mi parí iṣẹ́ yẹn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun ìjà ń fọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ibi ńlá mẹ́rin tó yẹ kó jẹ́ òpó ìtàn náà sì jọ ara wọn jù. Ìgbésẹ̀ kan péré ló fi wà lẹ́yìn Dark Souls lójú tèmi, bí ẹnì kan bá sì gbé e síwájú, n kò ní bá a jà.

Ẹ̀kẹta tèmi á ya ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu: Papers, Please, tí Lucas Pope dá ṣe, tó jáde ní 2013. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè ni ọ́ ní orílẹ̀-èdè kan tí kò sí lójú máàpù. Iṣẹ́ rẹ ni kí o máa wo ìwé ìrìnnà, iye èèyàn tí o bá yẹ̀ wò ni wọ́n fi ń san owó fún ọ, owó náà lo sì fi ń ra oúnjẹ àti ìgbóná fún àwọn ará ilé rẹ. Ọkùnrin kan dé, ìwé rẹ̀ pé. Ó ní ìyàwó òun ló tẹ̀ lé òun, kí o jọ̀ọ́ ṣàánú rẹ̀. Obìnrin náà dé, ìwé kan kò sí níbẹ̀. Òǹtẹ̀ pupa àti òǹtẹ̀ àwọ̀ ewé ló wà níwájú rẹ. Bí àṣìṣe rẹ bá pọ̀ lójúmọ́, wọ́n á yọ nínú owó rẹ, otútù ń mú ọmọ nílé. Mo jókòó ti òǹtẹ̀ méjèèjì yẹn fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ju tábìlì kan lọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Minecraft ló ń dà mí láàmú. Bó bá jẹ́ pé a fẹ́ mọ géèmù tó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ọdún mẹ́wàá yẹn, ihò tó máa ṣẹ́ kù á tóbi jù, òun ni, kò sí àríyànjiyàn. Alẹ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, tí o fi ọwọ́ lásán gé igi, tí o kó ara rẹ pa mọ́ sínú ihò kékeré, tí o ń gbọ́ ohùn àwọn nǹkan lóde, ó dára bí ohunkóhun tí mo ti sọ lókè. Ohun tí n kò fi gbé e sí ìkíní ni pé lẹ́yìn alẹ́ mélòó kan, ẹni tó ń gbá a ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn gan-an ni ọlá rẹ̀. Mo ti yí ọkàn padà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì lè ṣèlérí pé n kò ní yí i padà mọ́.

Mọ ààlà mi pẹ̀lú. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń gbá géèmù ìdíje. Mo ti wọ Dota 2 àti League of Legends, mo mọ bí wọ́n ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì lo ẹgbẹ̀rún wákàtí níbẹ̀ kò tíì rí wọn, ẹwà wọn wà níbi tí ẹsẹ̀ mi kò tíì dé. Géèmù orí fóònù náà, n kò fún wọn ní àyè tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ mọ géèmù láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún ọ pé o kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ torí pé o kò tíì gbá gbogbo wọn, dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ti gbá gbogbo wọn, èmi náà kò sí nínú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Lọ kan ilẹ̀kùn yàrá àbúrò rẹ. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dark Souls. Sọ fún un pé kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nínú Fortnite, kí o gbá a pẹ̀lú òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o jẹ́ kí wọ́n nà ọ́ dáadáa. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ náà mú wákàtí kan péré wá nínú GTA V tó gbà pé òun ló dára jù nínú rẹ̀, kí ẹ jókòó wò ó, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ owó. Lẹ́yìn náà kó kan tìrẹ. Gbé pádì fún àbúrò rẹ, má sọ fún un pé ó le, má sọ fún un pé ọ̀lẹ kò lè gbá a. Bó bá kú, dákẹ́. Bó bá fẹ́ mọ̀nà, fọwọ́ hàn án. Ó lè gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin, ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó bá wá dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn, tó rí lífìtì, tó bojú wẹ̀yìn bi ọ́ pé níbo lèyí ń lọ, má dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ ni kí o máa wò bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n.